Mo Mu Cipro, Mo Jẹ Gestid, Síbẹ̀ Ibà Ò Lọ

Ìyá kan tó ń ta aṣọ ní ọjà Balógun kọ̀wé sí mi báyìí: "Ẹ kú iṣẹ́ o, apoògùn wa. Ibà dá mi gúnlẹ̀ lóṣù tó kọjá. Mo lọ ṣe tẹ́ẹ̀sì, wọ́n ní táífọ́ọ̀dì ni. Wọ́n fún mi ní ciprofloxacin 500, kí n lo ọ̀kan láàárọ̀, ọ̀kan lálẹ́, fún ọjọ́ méje. Ọ́sà ti wà lára mi tipẹ́, nítorí náà bí mo bá ti gbé cipro mì báyìí, kíá ni mo ń jẹ Gestid méjì lé e kí inú má baà ta mí. Mo tún ń mu oògùn ẹ̀jẹ̀ kí ara mi lè le. Mo lo oògùn náà pé, mi ò fo ọjọ́ kan, ṣùgbọ́n ibà ọ̀hún tún padà wá. Oníkẹ́mísítì àdúgbò wa ní Mushin ní fèkì ni cipro tí mo lò, pé kí n wá gba abẹ́rẹ́. Ọmọ mi ní Gestid ló ba oògùn jẹ́. Ta ni kí n gbà gbọ́? Ṣé kí n tún cipro mìíràn rà? Àbí kí n fi Gestid sílẹ̀, kí n máa lo omeprazole? Mo tún ń lo amlodipine fún ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ̀rù ti wá ń bà mí sí ìyẹn náà."

Màmá, ẹ pẹ̀lẹ́, Ọlọ́run á fún yín ní àlàáfíà. Bí mo ṣe ka ìwé yín, ohun tó ń dùn yín jù ni pé ẹ ṣe gbogbo ohun tí wọ́n ní kí ẹ ṣe. Ẹ náwó, ẹ ò fo ọjọ́, síbẹ̀ àìsàn ò gbọ́. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tiyín nìkan. Ní Èbúté-Mẹ́ta tí mo ti ń ṣiṣẹ́ oògùn, irú rẹ̀ kì í wọ́n lẹ́nu ọ̀nà wa, torí ẹni tí inú ń ta pọ̀ ní Èkó, ẹni tó ń lo oògùn apakòkòrò bíi cipro náà pọ̀, ara ẹnì kan náà ni méjèèjì sì sábà máa ń pàdé sí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tààrà: ọmọ yín sún mọ́ òótọ́ ju oníkẹ́mísítì yẹn lọ. Gestid kò sọ cipro di májèlé o. Ó kàn dì í mú ni, kò jẹ́ kó wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ẹ gbé oògùn mì, oògùn ò sì dé ibi tí kòkòrò wà.

Mi ò ní sọ fún yín pé ayédèrú oògùn kò sí. Ó wà. Oògùn tó bá ti gba ọwọ́ púpọ̀ kọjá láti Ìdúmọ̀tà kó tó dé igbá oníkẹ́mísítì àdúgbò, kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà fún un. Bí páálí cipro yín bá ṣì wà nílé, ẹ wò ó bóyá ó ní ibi tí wọ́n ní kí ẹ fi owó ẹyọ họ. Bó bá ní i, ẹ fi nọ́ńbà abẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́ lórí fóònù bí wọ́n ṣe kọ ọ́ síbẹ̀. NAFDAC, àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Nàìjíríà, ló ṣe ètò yẹn, ọ̀fẹ́ sì ni. Ohun tó dùn mí ni pé oníkẹ́mísítì yẹn dá oògùn lẹ́bi láì bi yín ní ìbéèrè kan ṣoṣo: kí lẹ fi tì í lẹ́yìn?

Ẹ wo ara Gestid yín. Ẹ ó rí i pé aluminium hydroxide àti magnesium trisilicate wà nínú rẹ̀. Ìdílé irin ni alumíníọ̀mù àti magnísíọ̀mù. Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n ń pa oró omi kíkan tí ikùn fi ń lọ oúnjẹ, bí omi yẹn bá sì ti rọ̀, títa á rọlẹ̀. Iṣẹ́ rere ni. Ṣùgbọ́n cipro àti àwọn ọmọ ìyá rẹ̀, levofloxacin àti ofloxacin, ní ibì kan lára tó máa ń lẹ̀ mọ́ irin. Bí wọ́n bá pàdé nínú ikùn, wọ́n á so kọ́ra, wọ́n á di ohun tí ara ìfun ò lè fà wọlé mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń rí àwọn alábàárù ní Balógun lójoojúmọ́, ẹ mọ̀ pé ẹrù kan lè gba ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi okùn so méjì pọ̀ ní ìbú, ìta ni yóò wà. Cipro tó ti so mọ́ alumíníọ̀mù á gba inú ìfun kọjá bẹ́ẹ̀, á sì bá ìgbẹ́ jáde. Ìwé ìlò ciprofloxacin fúnra rẹ̀ kọ ọ́ pé ohun tó ń wọ ẹ̀jẹ̀ lè fi ìdá 90 nínú 100 dín kù. Ìyẹn ni pé nínú hóró mẹ́wàá tí ẹ lò, ó lè jẹ́ agbára hóró kan péré lara yín rí.

Oògùn ẹ̀jẹ̀ tí ẹ ń mu náà kò mọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Irin gan-an ni wọ́n fi ṣe é, ọ̀nà kan náà ló sì ń gbà dí cipro lọ́wọ́. Kálísíọ̀mù náà ń ṣe bẹ́ẹ̀, síńkì inú àwọn fítámìn náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó fi mílíìkì tàbí yógọ́ọ̀tì nìkan gbé cipro mì ti dín agbára rẹ̀ kù. Bó bá jẹ́ pé mílíìkì díẹ̀ ló wà nínú oúnjẹ tó yó yín, ìyẹn ò fi bẹ́ẹ̀ léwu, ṣùgbọ́n omi lásán ló dára jù. Àṣà kan wà láàárín àwa olóògùn Èkó tí inú mi ò dùn sí rárá: a ó kó oògùn apakòkòrò, oògùn ẹ̀jẹ̀, fítámìn àti oògùn inú títa sínú ọ̀rá kan, a ó ní "àárọ̀ kan, alẹ́ kan." Aláìsàn á délé, á da gbogbo rẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, á fi omi tì í lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ọ̀kan nínú wọn á dènà èkejì.

Àṣìgbọ́ kan tún wà tó yẹ kí n tú. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé bí oògùn méjì bá lè dí ara wọn lọ́wọ́, èèyàn gbọ́dọ̀ fi ọ̀kan sílẹ̀ pátápátá. Kò rí bẹ́ẹ̀ fún cipro àti Gestid. Inú ikùn àti ìfun nìkan ni wọ́n ti ń gbá ara wọn mú, fún wákàtí díẹ̀. Bí àkókò bá wà láàárín wọn, kálukú á ṣe iṣẹ́ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n àkókò yẹn gbọ́dọ̀ tó. Àwọn kan máa ń sọ fún mi pé àwọn dúró fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí àwọn tó jẹ Gestid. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ò ṣe nǹkan kan. Cipro gbọ́dọ̀ fi wákàtí 2 ṣáájú Gestid, ó kéré tán, tàbí kó tẹ̀ lé e lẹ́yìn wákàtí 6. Ìdí tí wọn ò fi dọ́gba ni pé cipro tètè ń wọlé, alumíníọ̀mù àti magnísíọ̀mù sì máa ń pẹ́ nínú ìfun. Ká ní aago 7 àárọ̀ àti aago 7 alẹ́ lẹ ń lo cipro, àyè Gestid ṣí láti aago 9 àárọ̀ títí di aago 1 ọ̀sán. Lẹ́yìn aago 1, ẹ má fi kan ẹnu mọ́ títí cipro alẹ́ á fi wọlé. Ó tún ṣí ní aago 9 alẹ́, ẹ lè jẹ ẹ́ kí ẹ tó sùn, ìyẹn sì dára, torí òru ni inú máa ń ta ọ̀pọ̀ ọlọ́sà jù. Ti oògùn ẹ̀jẹ̀, bí kì í bá ṣe pé dókítà ló rí i pé ẹ̀jẹ̀ yín lọ sílẹ̀ tó sì kọ ọ́ fún yín, ẹ gbé e tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan títí ọjọ́ oògùn apakòkòrò á fi pé. Levofloxacin rọrùn jù ú lọ díẹ̀: wákàtí 2 ṣáájú, wákàtí 2 lẹ́yìn. Ìgbà ààwẹ̀ Ramadan ló máa ń le jù, torí sààrì àti ìṣínu ni ọ̀pọ̀ máa ń kó gbogbo oògùn jọ sí. Ẹni tó bá ń lo irú oògùn báyìí nígbà náà, kó bá apoògùn jókòó kí wọ́n jọ pín aago.

Jíjẹ tí ẹ ń jẹ Gestid kíá lẹ́yìn cipro, kò tilẹ̀ ṣe yín láǹfààní tó bí ẹ ṣe rò. Bí èèyàn bá jẹ ẹ́ nígbà tí ikùn ṣófo, kì í pẹ́ tí ikùn fi ń tì í kọjá, ó lè má ju ìdajì wákàtí sí wákàtí kan lọ tí títa á tún bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó jẹ ẹ́ ní nǹkan bíi wákàtí kan lẹ́yìn oúnjẹ lè gbádùn rẹ̀ fún wákàtí mẹ́ta.

Ṣé kí ẹ tún cipro rà? Rárá, Màmá, ẹ má tíì rà á. Bó bá jẹ́ pé táífọ́ọ̀dì ló ṣe yín lóòótọ́, kòkòrò inú yín ti bá oògùn díẹ̀ pàdé fún odindi ọ̀sẹ̀ kan, oògùn tí kò tó láti pa á. Èyí tó ṣẹ́kù lè jẹ́ èyí tó lágbára jù. Yàtọ̀ sí ìyẹn, kòkòrò táífọ́ọ̀dì tí cipro ò ràn mọ́ ti wà ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè kí ọ̀rọ̀ tiyín tó ṣẹlẹ̀. Ohun mìíràn tó ń kọ mí lóminú ni tẹ́ẹ̀sì tí ẹ ṣe. Èyí tí wọ́n sábà ń ṣe ní àwọn láàbù kéékèèké wa ni Widal, tí wọ́n máa ń kọ 1/80 tàbí 1/160 sórí ìwé rẹ̀. Tẹ́ẹ̀sì yẹn kì í wá kòkòrò fúnra rẹ̀, ipa tí ara ti bá a jà ló ń wá. Ipa yẹn lè jẹ́ ti ọdún tó kọjá, ó lè jẹ́ ti abẹ́rẹ́ àjẹsára, kódà ibà ẹ̀fọn lè mú kó dà bí ẹni pé táífọ́ọ̀dì ni. Èyí tó dáni lójú jù ni kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ yín, kí wọ́n gbé e kalẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀ kí wọ́n wo ohun tó máa hù níbẹ̀. Kí èèyàn tó tún bẹ̀rẹ̀ oògùn apakòkòrò ló yẹ kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ yẹn, ìdí pàtàkì tí mo fi ní kí ẹ má rà á nìyẹn.

Nítorí náà mi ò lè jókòó síbí kí n búra fún yín pé Gestid nìkan ló fà á. Ó lè jẹ́ òun, pẹ̀lú oògùn ẹ̀jẹ̀, bí ẹ sì ṣe ròyìn ìlò yín, òun ni mo kọ́kọ́ fura sí. Ó lè jẹ́ kòkòrò tí cipro ò ràn. Ó lè má jẹ́ táífọ́ọ̀dì rárá. Dókítà tó bá fọwọ́ kàn yín, tó rí àbájáde ẹ̀jẹ̀ yín, ló lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Láti Mushin, ilé ìwòsàn LUTH ní Ìdí-Àràbà ò jìnnà. Ti abẹ́rẹ́ tí wọ́n fẹ́ gún yín, òótọ́ ni pé abẹ́rẹ́ kì í gba inú ikùn, Gestid ò lè dì í mú, abẹ́rẹ́ tó ń wo táífọ́ọ̀dì sàn sì wà. Ṣùgbọ́n inú ṣọ́ọ̀bù kẹ́mísítì kọ́ ló yẹ kí wọ́n ti gún un, láì mọ ohun tí wọ́n ń gún un fún.

Ẹ̀yin yòókù tí ẹ ò lo cipro rí, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Doxycycline àti tetracycline, tí àwọn náà jẹ́ oògùn apakòkòrò, máa ń so mọ́ irin bákan náà. Ẹni tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ gẹ̀gẹ̀ fún, tó wá ń lo levothyroxine láàárọ̀ kùtù, wákàtí 4 ló gbọ́dọ̀ wà láàárín rẹ̀ àti Gestid, kálísíọ̀mù tàbí oògùn ẹ̀jẹ̀. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, àyẹ̀wò á máa sọ pé oògùn ò tó, dókítà á máa fi kún un, nígbà tó jẹ́ pé oògùn tó, kò kàn ráyè wọlé ni. Ẹni tó ń gba ìtọ́jú ikọ́ ẹ̀gbẹ, kó jẹ́ kí oògùn rẹ̀ fi wákàtí kan, ó kéré tán, ṣáájú oògùn inú títa, torí isoniazid àti rifampicin wà nínú oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ, oògùn inú títa sì lè dí wọn lọ́wọ́.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni ti dolutegravir, tó wà nínú hóró kan ṣoṣo tí ọ̀pọ̀ tó ní kòkòrò HIV ń lò lójúmọ́ ní Nàìjíríà. Wákàtí 2 ṣáájú Gestid, tàbí wákàtí 6 lẹ́yìn rẹ̀, bíi ti cipro. Ẹni tó ń lò ó kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀, a sì mọ ìdí rẹ̀. Nígbà tó bá wá ra oògùn inú títa, kò ní dárúkọ rẹ̀, ẹni tó ń tà á náà ò ní béèrè. Bí èyí bá ń ṣẹlẹ̀ lójoojúmọ́, kòkòrò náà á rí àyè gbérí. Kò pọn dandan kí ẹ sọ ohun tó ń ṣe yín níwájú èrò. Ẹ pe apoògùn sí kọ̀rọ̀, ẹ fi ike oògùn hàn án, ó ti yé e nìyẹn.

Oògùn mìíràn wà tí kì í so mọ́ irin, àmọ́ tó nílò omi kíkan inú kó tó lè yọ́. Ketoconazole àti kápúsù itraconazole, tí wọ́n ń lò fún àrùn olú ara, wà lára wọn. Bí oògùn inú títa bá ti pa omi yẹn, wọ́n á kàn jókòó síbẹ̀. Òdìkejì rẹ̀ ni bisacodyl tí àwọn tí ìgbẹ́ ń há mọ́ nínú ń lò, àti diclofenac tí wọ́n fi nǹkan bò lára. Wọ́n bò wọ́n kí omi kíkan má baà tú wọn, kó lè jẹ́ inú ìfun ni wọ́n á ti yọ́. Gestid á mú kí ìbòrí yẹn tú nínú ikùn, ikùn tí ẹ sì ń gbìyànjú láti tù nínú ni wọ́n á jẹ.

Màmá, ẹ tún gbọ́ èyí nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru yín. Andrews Liver Salt tó máa ń hó, àti káún tí àwọn àgbà máa ń lá díẹ̀ bí àyà bá ń ta wọ́n, sódíọ̀mù ló wà nínú méjèèjì, ohun kan náà tó wà nínú iyọ̀ tí dókítà ní kí ẹ dín kù. Ẹ má sọ wọ́n di oúnjẹ ojoojúmọ́. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ò dáa, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ le ju ìyẹn lọ: kíndìnrín ló ń kó magnísíọ̀mù àti alumíníọ̀mù jáde, bí kò bá sì lágbára, wọ́n á máa ṣẹ́jọ sára. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ ra Gestid.

Ní ti omeprazole, òun àti Gestid kì í ṣe ọ̀kan náà. Gestid ń pa oró omi tó ti wà nílẹ̀. Omeprazole ń dín omi náà kù láti orísun. Kì í di cipro mú bí Gestid ṣe ń ṣe, nítorí náà, bí dókítà bá fọwọ́ sí i, òun ni mo fara mọ́ fún àwọn ọjọ́ tí ẹ ó fi lo oògùn apakòkòrò. Ìdajì wákàtí ṣáájú oúnjẹ àárọ̀ ni kí ẹ máa lò ó. Ẹ má retí pé á pa títa lójú ẹsẹ̀, ó máa ń tó ọjọ́ díẹ̀ kó tó múlẹ̀. Òun náà ní ẹjọ́ tirẹ̀. Ó ń dín agbára clopidogrel kù, oògùn tí wọ́n ń fún ọ̀pọ̀ ẹni tó ti ní àrùn ọkàn tàbí rọpárọsẹ̀, èyí tí àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà ti kìlọ̀ lé lórí láti 2009. Lílò rẹ̀ fún ọdún gbọọrọ láìsí dókítà níbẹ̀ lè mú fítámìn B12 àti magnísíọ̀mù ara lọ sílẹ̀.

Ẹ ní ọ́sà ti wà lára yín tipẹ́. Ta ló yẹ̀ ẹ́ wò? Kòkòrò kan tó ń jẹ́ Helicobacter pylori ló ń fa púpọ̀ nínú ọgbẹ́ inú. Ọmọ Australia méjì, Barry Marshall àti Robin Warren, ló ṣàwárí ìyẹn, wọ́n sì gba ẹ̀bùn Nobel fún un ní 2005. Oògùn apakòkòrò méjì pẹ̀lú omeprazole, fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, sábà máa ń lé e lọ, nígbà tó jẹ́ pé Gestid lè tù yín nínú fún ogún ọdún láì fọwọ́ kan án. Bí ẹ bá tún ń lo ibuprofen, diclofenac tàbí Alabukun, tí aspirin wà nínú rẹ̀, nítorí ara ríro àtàárọ̀ dalẹ́ nínú ọjà, àwọn náà ń dá ọgbẹ́ sínú ikùn. Bí ìgbẹ́ yín bá dúdú bí ọ̀dà, tí ẹ bá ń bì ẹ̀jẹ̀, tí ẹ ń rù láìnídìí, tàbí tí oúnjẹ ń há yín lọ́fun, ẹ má jẹ Gestid sí i, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà ni. Àyà tó ń dunni wọ apá tàbí àgbọ̀n, pẹ̀lú òógùn, kì í ṣe ọ́sà.

Amlodipine yín ò ní wàhálà. Wọ́n ti dán an wò pẹ̀lú oògùn alumíníọ̀mù òun magnísíọ̀mù, kò sí ìyàtọ̀ tó ṣe pàtàkì, ẹ máa lò ó lọ, ẹ má sì fo ó nítorí ohun tí mo kọ yìí. Captopril àti atenolol ni Gestid lè dín kù, nítorí náà bí wọ́n bá yí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yín padà, ẹ tún béèrè. Nígbà tí ẹ bá ń lọ rí dókítà, ẹ kó gbogbo ohun tí ẹ ń lò dání, títí kan Gestid àti oògùn ẹ̀jẹ̀, kí ẹ sì fẹnu ara yín sọ fún un pé ẹ lo cipro pọ̀ mọ́ wọn. Bí ẹ ò bá sọ ọ́, ó ṣeé ṣe kó kọ ọ́ sínú fáìlì yín pé cipro ò ràn yín, kó sì gbé oògùn tó le, tó sì wọ́n jù ú lọ fún yín láìnídìí.